Iṣẹ́ ọ́dítọ̀ PAYE ní ilé-iṣẹ́ owó-orí ìpínlẹ̀: báwo ni ipò ṣe ń gorí ipò, kí sì ni wọ́n ń ṣe gan-an?

Àdùkẹ́_Ìsẹ́yìn:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ aṣọ àgùnbánirọ̀ ni. Ìṣirò owó ni mo kà ní yunifásítì. Ilé-iṣẹ́ owó-orí ìpínlẹ̀ kan ti pè mí wá fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, wọ́n sì ti fi tó mi létí pé bí mo bá yege, ẹ̀ka tó ń yẹ ìwé owó oṣù àwọn ilé-iṣẹ́ wò ni wọn yóò gbé mi sí, ìyẹn ẹ̀ka ọ́dítì PAYE, owó-orí tí agbaniṣíṣẹ́ ń yọ nínú owó oṣù òṣìṣẹ́.

Ẹnìkan nílé wa ní iṣẹ́ ká máa gbé lẹ́tà kiri ni. Ẹlòmíràn ní bí mo bá ti ráyè wọlé, kí n fọkàn balẹ̀, ọdún mẹ́ta-mẹ́ta ni ìgbéga ń dé. Mo fẹ́ gbọ́ lẹ́nu àwọn tó ṣe é. Ipò wo ni wọ́n ń fi ènìyàn sí níbẹ̀rẹ̀? Kí ni ẹni tó wà nísàlẹ̀ ń ṣe, kí sì ni ọ̀gá ń ṣe? Ṣé dandan ni ìwé-ẹ̀rí CITN, ti ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ owó-orí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi nǹkan kan pamọ́ fún mi.

Káyọ̀dé_Mọ́kọ́lá:

Àbúrò, o kú oríire. Èmi ò mọ iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n àbúrò mi ọkùnrin ń wá irú rẹ̀, torí náà mo jókòó síbí, mo ń kà. Ẹ̀yin àgbà, ẹ gbà wá o.

BàbáOníléjà:

Àdùkẹ́, kú oríire, ọmọ mi. Ẹ̀ka yẹn gan-an ni mo ti fẹ̀yìn tì, nítorí náà ohun tí mo fojú rí ni mò ń sọ.

Ẹni tó bá fi dígírì wọlé, GL 08 ni wọn yóò fi sí (GL ni Grade Level, àtẹ ipò iṣẹ́ ìjọba). Níbi tí wọ́n ṣì ń lo orúkọ àtijọ́, Inspector of Taxes II ni wọ́n máa pè ọ́. Ní GL 09 wàá di Inspector I, ní GL 10 wàá di Senior Inspector. Láti ibẹ̀, GL 12 ló kàn, torí kò sí GL 11 nínú àtẹ iṣẹ́ ìjọba wa. Principal ló wà ní 12, Assistant Chief ní 13, Chief ní 14. Láti 15 sókè, o ti wọ agbo àwọn dárẹ́kítọ̀ nìyẹn: Assistant Director, Deputy Director, kí ó tó wá kan Director fúnra rẹ̀ ní 17.

Ẹni tó ní ọdún mẹ́ta-mẹ́ta ni ìgbéga ń dé kò purọ́, ṣùgbọ́n kò sọ ọ́ tán. Ọdún mẹ́ta ló kéré jù tí ènìyàn gbọ́dọ̀ lò ní ipò kan láti GL 07 dé 14. Láti 15 lọ, ó di mẹ́rin. Bí ọdún bá pé, àyè gbọ́dọ̀ ṣófo lókè, ìdánwò ìgbéga wà níbẹ̀, ìwé APER tí ọ̀gá rẹ ń kọ nípa iṣẹ́ rẹ lọ́dọọdún sì wà níbẹ̀. Mo mọ ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí bí ẹní mowó, tó sì pẹ́ gan-an ní GL 10 nítorí pé àyè ò sí. Bí o bá pé ọmọ ọgọ́ta ọdún, tàbí tí o lo ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́, èyí tó bá kọ́kọ́ dé, o máa lọ sinmi nílé.

Àwọn ibòmíràn wà tí wọn kì í lo orúkọ wọ̀nyí. FIRS àtijọ́, ilé-iṣẹ́ owó-orí ìjọba àpapọ̀ tí òfin ọdún 2025 sọ di NRS, ní àtẹ tirẹ̀, àwọn ilé-iṣẹ́ owó-orí ìpínlẹ̀ tó ti gba òmìnira bíi LIRS ní Èkó náà sì ní tiwọn. Níbẹ̀, ọ́físà àti máníjà lo máa gbọ́. Béèrè èyí tí wọ́n ń lò níbi tí wọ́n ti pè ọ́.

Ṣùgbọ́n orúkọ ipò kọ́ ló yẹ kó gbà ọ́ lọ́kàn báyìí. Bi ara rẹ pé, ní ipò kọ̀ọ̀kan, kí ni ọwọ́ mi lè kọ, kí ni ọwọ́ mi lè fi sí?

Ọmọ GL 08 àti 09 ló ń jókòó ti ìwé. Wọ́n á kó ìwé owó oṣù ti oṣù méjìlá síwájú rẹ, wọ́n á kó rìsíìtì PAYE, àkọsílẹ̀ báńkì, léjà, àti Form H1, ìwé tó to owó oṣù àti owó-orí gbogbo òṣìṣẹ́ lọ́dún tó kọjá, tí gbogbo agbaniṣíṣẹ́ gbọ́dọ̀ fi ránṣẹ́ kí oṣù January tó parí. Ìwọ ni wàá máa fi èyí wé ìyẹn, ìlà kan lẹ́yìn òmíràn, tí wàá sì kọ ohun tí o bá rí sínú ìwé iṣẹ́ rẹ: ojú ewé wo, ọjọ́ wo, iye wo, ta ló fi ìwé náà lé ọ lọ́wọ́. Senior Inspector ló sábà máa ń ṣáájú ikọ̀ lọ sí ilé-iṣẹ́, òun ló ń bá akáǹtáǹtì wọn sọ̀rọ̀. Principal yóò yẹ ìwé iṣẹ́ yín wò kí lẹ́tà kankan tó jáde. Chief àti Assistant Director ló ń yan àwọn ilé-iṣẹ́ tí ẹ máa yẹ̀ wò lọ́dún náà, àwọn ló sì ń jókòó níbi ìpàdé tí ẹ ó ti bá ilé-iṣẹ́ náà tún ìṣirò ṣe. Ìwé tó ń béèrè owó, òkè pátápátá ni wọ́n ti ń fọwọ́ sí i.

Wàyí o, bí ọ̀rọ̀ bá dé iwájú Tax Appeal Tribunal, ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ owó-orí, ìwé iṣẹ́ ọmọ GL 08 yẹn ni lọ́yà máa ní kí wọ́n ṣí. Mo ti jókòó níbẹ̀ rí tí ẹjọ́ ńlá fọ́ mọ́ ìjọba lórí, nítorí pé ẹni tó yẹ ìwé wò kọ iye owó sílẹ̀, kò kọ ibi tó ti rí i. Dárẹ́kítọ̀ tó fọwọ́ sí i kò rí nǹkan kan sọ.

Onírin_Ọ̀tà:

Bàbá, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ọ̀rọ̀ yín sì dùn létí. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi náà.

Mo ní ibi tí a ti ń rọ géètì àti táńkì omi. Mò ń san PAYE àwọn ọmọ iṣẹ́ mi kí ọjọ́ kẹwàá oṣù tó tẹ̀lé e tó kọjá, gẹ́gẹ́ bí òfin ṣe wí. Àwọn ọ̀dọ́ méjì wá láti ọ́fíìsì owó-orí, wọ́n jókòó láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, wọn ò bi akáǹtáǹtì mi ní ìbéèrè kan ṣoṣo tó nítumọ̀. Nígbà tó yá, lẹ́tà dé. Owó tó wà nínú rẹ̀ ju owó oṣù gbogbo òṣìṣẹ́ mi lọ! Wọ́n ti ka owó tí mo san fún wẹ́dà tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ mi, wọ́n ka owó dísù, wọ́n ka owó ọkọ̀ akẹ́rù, wọ́n ní owó oṣù ni gbogbo rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹnìkan pè mí lórí fóònù pé kí n wá ká jọ yanjú rẹ̀. Ẹ mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí.

Àdùkẹ́, mi ò ní kí o má gba iṣẹ́ náà. Mo kàn fẹ́ kí o mọ bí ó ṣe rí lójú ẹni tí ẹ ń bọ̀ wá bá.

Ṣadé_ÌwéOwó:

Ẹ̀gbọ́n Onírin, ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú ìfaradà. Ẹnu iṣẹ́ yìí ni mo wà lọ́wọ́lọ́wọ́, mi ò sì ní gbè sẹ́yìn ohun tí wọ́n ṣe fún yín. Ohun tí kò dára ni.

Òfin fún ọ́dítọ̀ láyè láti fojú díwọ̀n owó-orí nígbà tí ilé-iṣẹ́ bá kọ̀ láti kó ìwé sílẹ̀, tàbí tí ìwé tó kó sílẹ̀ kò bá ṣeé gbà gbọ́. Ẹni tó kó ìwé tó pé tó sì jẹ́ òótọ́ sílẹ̀, ìwé rẹ̀ la gbọ́dọ̀ lò. Bí irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ bá tún dé, ẹ má dáhùn ìpè fóònù kankan, ẹ má sì san kọ́bọ̀ sínú akaùntì ẹnikẹ́ni. Ẹ kọ̀wé ta kò ó láàárín ọgbọ̀n ọjọ́, kí ẹ fi ìṣirò tiyín kún un, kí ẹ sì fi ìwé àdéhùn wẹ́dà àti rìsíìtì dísù tì í lẹ́yìn. Wọ́n sábà máa ń pe ènìyàn sí ìpàdé láti tún un ṣe. Bí ẹ̀yin àti àwọn ò bá fẹnu kò, Tax Appeal Tribunal wà. Ti gúúsù ìwọ̀-oòrùn ń jókòó ní Ìbàdàn, Èkó sì ní tirẹ̀. Ẹ̀dà gbogbo ìwé tí ẹ bá fi lé ọ́dítọ̀ lọ́wọ́, ẹ mú ọ̀kan pamọ́, kí ẹ ní kó fọwọ́ sí i pé òun gbà á.

Ní ti owó dísù tí wọ́n kà mọ́ owó oṣù, mo mọ ibi tí àṣìṣe yẹn ti ń wá. Iṣẹ́ wa gan-an ni láti wo léjà káàkiri, torí ibẹ̀ ni wọ́n ń fi owó oṣù pamọ́ sí. Àdùkẹ́, sún mọ́ mi, èyí ni o máa bá pàdé jù.

Ẹ jẹ́ ká ní òṣìṣẹ́ kan ń gba ₦250,000 lóṣù ní tòótọ́. Nínú ìwé owó oṣù tí wọ́n fi hàn wá, ₦100,000 ni wọ́n kọ. ₦150,000 yòókù ń jáde láti akaùntì báńkì mìíràn, wọ́n sì kọ ọ́ sí léjà gẹ́gẹ́ bí owó epo mọ́tò tàbí owó àtúnṣe jẹnẹrétọ̀. Ká ní ẹni náà san ₦600,000 fún ilé lọ́dún.

Lábẹ́ òfin tuntun tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù January ọdún 2026, a máa kọ́kọ́ yọ owó ìfẹ̀yìntì, ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún, àti ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún owó ilé tó san, ṣùgbọ́n ohun tí a máa yọ fún ilé kò gbọ́dọ̀ ju ₦500,000 lọ. ₦800,000 àkọ́kọ́ nínú ohun tó kù, a kì í gba owó-orí lórí rẹ̀. ₦2,200,000 tó tẹ̀lé e, ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún ni.

Ní tòótọ́, ₦3,000,000 lọ́dún ni ọkùnrin yìí ń gbà. Yọ ₦240,000 ìfẹ̀yìntì, yọ ₦120,000 ti ilé, ó ku ₦2,640,000. Yọ ₦800,000, ó ku ₦1,840,000. Ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún rẹ̀ jẹ́ ₦276,000 lọ́dún, ìyẹn ₦23,000 lóṣù. Wá lo ₦100,000 tó wà nínú ìwé wọn: ₦2,300 péré lóṣù lo máa rí. Ìdá kan nínú mẹ́wàá gééré!

Báwo lo ṣe máa mọ̀? Wo owó epo mọ́tò nínú léjà. Bí iye kan náà bá ń jáde ní ọjọ́ kan náà lóṣooṣù, sórí orúkọ kan náà, kì í ṣe epo. Owó epo máa ń ga, ó máa ń wálẹ̀. Lẹ́yìn náà, ka orúkọ tó wà nínú ìwé owó oṣù, ka orúkọ tó wà nínú ìwé ìlera HMO wọn, ka orúkọ tí wọ́n ń san owó ìfẹ̀yìntì fún. Bí àwọn mẹ́ta ò bá dọ́gba, béèrè ìdí rẹ̀. Béèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí o sì kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Bí ìdáhùn náà bá mọ́gbọ́n dání, yọ owó náà kúrò nínú ìṣirò rẹ. Ibi tí àwọn tó lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n Onírin ti kùnà gan-an nìyẹn: wọ́n rí iye owó, wọn ò béèrè.

Dáre_Agége:

Ẹ dákun, àǹtí Ṣadé. Owó oṣù mi jọ èyí tí ẹ sọ yẹn, apá kan nínú rẹ̀ ń wá láti akaùntì mìíràn. Inú mi máa ń dùn pé owó-orí tí wọ́n ń yọ kéré. Ṣé èyí ló fa á tí owó ìfẹ̀yìntì mi fi rí tẹ́ẹ́rẹ́ báyìí?

Ṣadé_ÌwéOwó:

Òun gan-an ni, àbúrò. Owó tí wọ́n bá kọ ni wọ́n ń yọ ìfẹ̀yìntì lé lórí. Ìdá mẹ́jọ tìrẹ àti ìdá mẹ́wàá ti agbaniṣíṣẹ́ lórí ₦100,000 jẹ́ ₦18,000 lóṣù. Lórí ₦250,000, ₦45,000 ni. Ìyàtọ̀ ₦27,000 ni ò ń pàdánù lóṣooṣù, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sì ni owó tó yẹ kó ti àpò ọ̀gá rẹ jáde. Ọjọ́ tí o bá lọ yá owó ilé ní báńkì, ₦100,000 náà ni wọ́n máa rí.

Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ rò pé tìjọba nìkan la ń ṣe. Èmi rí i pé nígbà tí a bá parí iṣẹ́ dáadáa ní ilé-iṣẹ́ kan, òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ló kọ́kọ́ ń jàǹfààní.

BàbáOníléjà:

Ṣadé, Ọlọ́run yóò túbọ̀ máa tọ́ ọ sọ́nà. Onírin, mo gbọ́ yín, ó sì dùn mí.

Ẹ rántí pé àwọn Ẹ̀gbá jà nítorí owó-orí ní 1918, àwọn ìyá wa tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ṣáájú jà ní Abẹ́òkúta, Agbẹ́kọ̀yà tún jà ní 1968 títí wọ 1969. Iye owó wà lára ohun tó bí wọn nínú, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń gbà á wà níbẹ̀ pẹ̀lú: àwọn agbowó-orí tó ń fi ipá wọlé, tí wọ́n ń bu iye lé ènìyàn lórí, tí kò sẹ́ni tó lè ṣàlàyé rẹ̀. Gbogbo ọ́dítọ̀ tó bá kọ iye tí kò lè tọ́ka sí ojú ewé rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ àwọn agbowó-orí yẹn ló wà, bó ti wù kí GL rẹ̀ ga tó.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú_Peckham:

Ẹ kú àárọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù. Ibí yìí ni PAYE tí ẹ ń lò ti wá, ó bẹ̀rẹ̀ ní 1944 nígbà ogun. Ẹ̀ka ìwé owó oṣù ní ilé-iṣẹ́ kan ni mo wà, ọ̀dọ̀ wa ni HMRC, ilé-iṣẹ́ owó-orí ìjọba ibí, máa ń wá. Ipò tiwọn ń lọ láti AO (Administrative Officer) sí Officer, Higher Officer, Senior Officer, lẹ́yìn náà Grade 7.

Ohun tó yàtọ̀ ni pé láti 2013, a gbọ́dọ̀ fi ìròyìn owó oṣù ránṣẹ́ sí wọn kí ọjọ́ ìsanwó tó kọjá. Nítorí náà nígbà tí wọ́n bá dé, wọ́n ti mọ iye. Ohun tí wọ́n ń wá ni mọ́tò tí ilé-iṣẹ́ fún ọ̀gá, àti ẹni tí a pè ní agbaṣẹ́ṣe tó sì ń bá wa ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́ bí òṣìṣẹ́. Ọdún mẹ́rin ni wọ́n lè padà sẹ́yìn lásán, mẹ́fà bí àìbìkítà bá wà níbẹ̀, ogún bí a bá mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ọdún mélòó ni tilé?

Ṣadé_ÌwéOwó:

Mẹ́fà ni, ẹ̀gbọ́n. Bí ẹ̀tàn tàbí ìmọ̀ọ́mọ̀ṣe bá wọ̀ ọ́, kò sí òpin. Ọ̀rọ̀ agbaṣẹ́ṣe yẹn ti ń pọ̀ nílé náà, pàápàá ní báńkì àti ilé-iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́.

Ìyá_Ìbejì_Mowé:

Ẹ bá mi dá sí èyí. Mowé ni mò ń gbé, Ìkẹjà ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Èkó ni ọ́fíìsì wa ń san PAYE gbogbo wa fún. Ọ̀nà àdúgbò wa kò ṣeé rìn bí òjò bá rọ̀. Ta ló ni owó yìí?

BàbáOníléjà:

Ìyá Ìbejì, ìpínlẹ̀ tí ẹ ń gbé ló ni ín, kì í ṣe ibi tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́. Ibi tí ilé yín wà ní ọjọ́ kìíní oṣù January ni òfin ń wò. Ọmọ Mowé, Ìbàfo, Àkútè tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìkẹjà, Ògùn ló ni PAYE rẹ̀. Àwọn ológun, ọlọ́pàá àti òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ọ̀rọ̀ òkèèrè ló yàtọ̀, ìjọba àpapọ̀ ló ń gba tiwọn.

Ọ̀rọ̀ tó ń fa kùn-ún-kùn-ún láàárín àwọn ìpínlẹ̀ nìyí o, agbaniṣíṣẹ́ ló sì ń há sí àárín. Ẹ wo bí ó ṣe ń rí: ọ́dítọ̀ Ògùn dé ilé-iṣẹ́ tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Èkó, ó ní kí wọ́n gbé àdírẹ́sì àwọn òṣìṣẹ́ wá. Ilé-iṣẹ́ náà kò ní in, tàbí kó jẹ́ àdírẹ́sì ọjọ́ tí wọ́n gba ènìyàn síṣẹ́ ló wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ti san gbogbo rẹ̀ fún Èkó. Ògùn ní kí wọ́n san tòun, Èkó ní òun ò dá owó padà. Àdùkẹ́, ìgbà tí o bá di Senior tí o ń ṣáájú ikọ̀, ohun tó máa gba àkókò rẹ jù nìyí. Ẹ lọ fi àdírẹ́sì yín tuntun tó HR létí, ẹ̀yin tó ń gbé ní ẹ̀bá ààlà. Ẹ ṣe é kí ọdún tó yí.

Àdùkẹ́_Ìsẹ́yìn:

Ẹ ṣeun ṣeun. Mi ò retí tó bẹ́ẹ̀. Bàbá, kí ni wọ́n máa ń béèrè ní ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò? Ọ̀rọ̀ CITN náà ńkọ́?

BàbáOníléjà:

Wọ́n máa bi ọ́ ní ọjọ́ tí PAYE gbọ́dọ̀ wọlé, ọjọ́ tí Form H1 gbọ́dọ̀ dé, àti ìyà tó wà fún ẹni tí kò fi ìwé ránṣẹ́. Lábẹ́ òfin tuntun, ₦100,000 ni fún oṣù àkọ́kọ́ àti ₦50,000 fún oṣù kọ̀ọ̀kan tó bá tẹ̀lé e. Wọ́n sì lè gbé ìṣirò kan fún ọ kí o ṣe é lójú wọn. Má lo ìyọ̀ǹda àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní CRA, òfin tuntun ti pa á rẹ́. Ibi tí ọ̀pọ̀ ń ṣubú sí nìyẹn.

CITN kì í ṣe dandan láti wọlé. Ṣùgbọ́n bí o bá ń sún mọ́ ipò Principal, ìwọ àti ẹlòmíràn máa jọ dọ́gba lórí ohun gbogbo, òun á ní ìwé-ẹ̀rí CITN, tàbí ICAN tàbí ANAN ti àwọn akáǹtáǹtì, ìwọ ò ní ní in. Bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní GL 08, nígbà tí orí rẹ ṣì ń gba ìwé.

Àdùkẹ́_Ìsẹ́yìn:

Mo ti ṣe ìṣirò ẹni tó ń gba ₦400,000 lóṣù, tó sì ń san ₦1,000,000 fún ilé lọ́dún. ₦4,800,000, yọ ₦384,000 ìfẹ̀yìntì, yọ ₦200,000 ti ilé, ó ku ₦4,216,000. ₦800,000 kò ní owó-orí. ₦2,200,000 ní ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún jẹ́ ₦330,000. ₦1,216,000 tó kù ní ìdá méjìdínlógún jẹ́ ₦218,880. Àpapọ̀ ₦548,880 lọ́dún, ₦45,740 lóṣù. Àǹtí Ṣadé, ẹ bá mi wò ó.

Ṣadé_ÌwéOwó:

Ó pé. Ṣùgbọ́n ₦200,000 ti ilé yẹn, bi ara rẹ pé ìwé wo lo rí kí o tó yọ ọ́. Bí òṣìṣẹ́ náà kò bá fi rìsíìtì tàbí ìwé àdéhùn ilé hàn, o kò lè yọ ọ́. Sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn kí wọ́n tó béèrè.